Bí àwọn tó ń ṣe búráúsà ṣe mọ̀ọ́mọ̀ dín ìpéye aago wọn kù

Ẹni tó bá ń kọ JavaScript, èdè kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ojú-ewé, tó fẹ́ mọ iye àkókò tí iṣẹ́ kan gbà, yóò pe performance.now(), àṣẹ tó ń béèrè àkókò lọ́wọ́ búráúsà, kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, yóò tún pè é nígbà tó bá parí, yóò sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ìkejì. Lórí Chrome, ohun tó máa rí lè jẹ́ 0, ó lè jẹ́ 0.1, ó sì lè jẹ́ 0.09999999 pẹ̀lú ìrù nọ́ńbà gígùn lẹ́yìn rẹ̀. Lórí Safari, 0 ni tàbí 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní kọ̀ǹpútà àwọn ló ní àbùkù. Kò ní àbùkù kankan. Aago tó wà nínú ẹ̀rọ náà péye ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Búráúsà ló gé e kù kó tó fi lé ojú-ewé lọ́wọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó mú kí wọ́n gé e, bí wọ́n ṣe gé e, àti ohun tí gígé náà kò lè ṣe ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọn iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù mọ ìtàn yìí, torí pé orí rẹ̀ ni gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n ń kó jọ dúró lé.

Ìwọ̀n mẹ́ta la máa lò. Ms ni ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, µs ni ìdá kan nínú mílíọ̀nù, ns sì ni ìdá kan nínú bílíọ̀nù.

Kí ọdún 2012 tó dé, Date ni aago tí JavaScript gbójú lé. Ó ń ka ms láti ọjọ́ 1 oṣù Kíní ọdún 1970. Aago ògiri ni Date, aago ògiri sì ṣeé yí. Bí kọ̀ǹpútà bá bá sáfà àkókò sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó rí i pé òun ti sáré jù, ó lè fa aago sẹ́yìn, kí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ wá dà bí ẹni pé ó parí kó tó bẹ̀rẹ̀. Lórí Windows ìgbà yẹn, nǹkan bí 15.6 ms ló lè kọjá kí aago tó sún lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà iṣẹ́ 3 ms a máa jáde bí 0, tàbí bí 15 tàbí 16. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi irú aago bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí ojú-ewé ti ń falẹ̀.

Ìgbìmọ̀ Web Performance tí W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà wẹ́ẹ̀bù, dá sílẹ̀ lọ́dún 2010 ló wá ojútùú sí i. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ìlànà méjì di àmúlò lọ́jọ́ kan náà. Navigation Timing sọ àwọn àkókò tí búráúsà gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ bí ojú-ewé ṣe ń wọlé: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àdírẹ́sì sáfà, ìgbà tó so pọ̀ mọ́ ọn, ìgbà tí báìtì àkọ́kọ́ dé, títí dé ìgbà tí load parí. High Resolution Time ní tirẹ̀ mú performance.now() wá, aago tí kì í padà sẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà tí ojú-ewé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, tó sì ń dáhùn ní ms pẹ̀lú dẹ́símà.

Ní ti kíkọ rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá búráúsà tó ń ṣí ojú-ewé tó sì ń ṣiṣẹ́ kóòdù inú rẹ̀, kò le. Lórí Linux, ẹ́ńjìnnì á pe clock_gettime pẹ̀lú CLOCK_MONOTONIC. Lórí Windows, QueryPerformanceCounter. Lórí macOS, mach_absolute_time. Oníkálukú ní orúkọ tó fi bo èyí mọ́lẹ̀: TimeTicks nínú Chromium tí Chrome dúró lé, TimeStamp nínú Firefox, MonotonicTime nínú WebKit tí Safari dúró lé. Ẹ́ńjìnnì á rántí àkókò tí ojú-ewé bẹ̀rẹ̀, èyí tí ìlànà ń pè ní time origin, á yọ ọ́ kúrò nínú àkókò ìsinsìnyí, ó parí. (Gbọ́nmi-si-omi-ò-tó kékeré kan ṣì wà níbẹ̀. CLOCK_MONOTONIC kì í ka àkókò tí kọ̀ǹpútà fi sùn, nígbà tí aago Windows ń kà á, nítorí náà ojú-ewé kan náà tí a ṣí sílẹ̀ mọ́jú lè sọ ohun tó yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ méjì.)

Ohun tí kò sí nínú ìṣirò yìí ni ẹni tó ń béèrè àkókò.

Kóòdù àlejò ló kún inú ojú-ewé tí a bá ṣí. Ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn wá láti ilé-iṣẹ́ tí ẹni tó kọ ìròyìn náà fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Búráúsà gbà á láàyè nítorí pé ó ti há a mọ́: kò lè ka fáìlì wa, kò sì lè wo ojú-ewé báńkì tó wà ní ṣíṣí nínú táàbù kejì. Àmọ́ ó fún un ní aago, aago tó péye gan-an. Lọ́dún 2015, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Columbia ní New York fi hàn pé aago yẹn tó ṣe amí. Kóòdù JavaScript lásán, tí kò ṣe ju kó máa wọn bí mẹ́mórì ṣe ń yára dáhùn, lè mọ irú ohun tí olùlò ń ṣe nínú ojú-ewé mìíràn.

Ẹni tó bá ti ra ọjà rí á tètè lóye rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà kan máa ń fi ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè sórí tábìlì iwájú, ìyókù wà nínú yàrá lẹ́yìn. Bí mo bá béèrè iyọ̀ tí wọ́n sì nawọ́ mú un lójú ẹsẹ̀, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti béèrè iyọ̀ kí n tó dé, bí n kò tilẹ̀ fojú kan onítọ̀hún. Cache ni tábìlì iwájú yẹn nínú CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ohun tó bá wà nínú cache tó sún mọ́ ọn jù, CPU á mú un láàárín nǹkan bí ns kan; ohun tó bá wà nínú mẹ́mórì gbogbogbòò lè gba tó 100 ns kó tó dé. Ẹni tí aago rẹ̀ bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì ti mọ ohun tí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn.

Ìdáhùn àwọn búráúsà nígbà náà kò le púpọ̀. Wọ́n ní kí performance.now() máa sún ní 5 µs 5 µs, ìlànà náà kọ nọ́ńbà yìí sílẹ̀, oníkálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùṣèwádìí kò sinmi. Lọ́dún 2017, àwọn kan ní Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Graz, ní Austria, ka àwọn aago tó fara sin sínú búráúsà lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi hàn pé 5 µs kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Bí wọ́n bá gba aago lọ́wọ́ kóòdù, ó lè fi nǹkan mìíràn kọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ 3 oṣù Kíní ọdún 2018 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Jann Horn láti Project Zero, ẹgbẹ́ tó ń wá àbùkù ààbò ní Google, Paul Kocher tó jẹ́ onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, àti àwọn mìíràn tí àwọn ará Graz wà lára wọn, kéde Meltdown àti Spectre, ìkọlù méjì tó ń gba ara CPU jí àṣírí. Spectre ló kan búráúsà jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

CPU òde òní kì í dúró. Bí ó bá dé ibi tí kóòdù ti ń béèrè bóyá nọ́ńbà kan ṣì wà nínú gígùn array (ọ̀wọ́ dátà tó tẹ̀léra nínú mẹ́mórì), tí ìdáhùn kò sì tíì dé láti mẹ́mórì, á méfò, á sì máa bá iṣẹ́ lọ lórí ìméfò yẹn. Bí ìméfò náà bá já sí irọ́, á da iṣẹ́ tó ti ṣe nù bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n kì í palẹ̀ cache mọ́. Kóòdù burúkú lè lo array náà dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà títí ó fi mọ́ CPU lára láti máa méfò pé bẹ́ẹ̀ ni, kó wá béèrè ibi tó jìnnà kọjá array náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Báìtì tí CPU bá kà níbẹ̀ kò ní jáde fún un. Àmọ́ kóòdù náà ti ṣètò pé báìtì yẹn ni yóò pinnu ìlà tí CPU máa fọwọ́ kàn nínú ìlà mẹ́mórì 256. Lẹ́yìn náà, á wọn ìlà 256 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá yára dáhùn nínú wọn ni iye báìtì àṣírí náà. Páásíwọ́ọ̀dù, kúkì, lẹ́tà: ohunkóhun tó bá wà nínú process kan náà (ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú mẹ́mórì tirẹ̀) ṣeé kà bẹ́ẹ̀, báìtì kan tẹ̀lé òmíràn.

Ìwé tí àwọn olùṣèwádìí náà gbé jáde ní àpẹẹrẹ JavaScript nínú, lórí Chrome. Wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀ pé Chrome ti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìpéye performance.now() jẹ́ nítorí irú ìkọlù báyìí, nítorí náà wọn kò gbára lé e rárá. Wọ́n fi Web Worker, ohun èlò JavaScript kan, dá thread kejì sílẹ̀, ìyẹn ìlà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa dín nọ́ńbà kan kù léraléra nínú mẹ́mórì tí thread méjèèjì jọ ń lò. Thread àkọ́kọ́ á ka nọ́ńbà náà ṣáájú iṣẹ́, á tún kà á lẹ́yìn iṣẹ́. Aago nìyẹn, aago tó mọ ìyàtọ̀ ns díẹ̀ péré, tí ẹnikẹ́ni kò sì fún wọn. SharedArrayBuffer tí irú mẹ́mórì àjọlò bẹ́ẹ̀ dúró lé kò tíì pé ọdún kan nínú Chrome àti Firefox nígbà náà: Chrome 60 gbé e jáde ní oṣù Keje ọdún 2017, Firefox 55 ní oṣù Kẹjọ.

Ìdáhùn àwọn ilé-iṣẹ́ yá. Lọ́jọ́ kan náà tí ìròyìn jáde, Mozilla kéde pé 5 µs ti di 20 µs àti pé àwọn ti pa SharedArrayBuffer, Firefox 57.0.4 gbé àyípadà náà jáde lọ́jọ́ kejì. Microsoft ṣe 20 µs nínú Edge, wọ́n fi ìgbọ̀n, ìyẹn ìyàtọ̀ àìròtẹ́lẹ̀, tó lè tó 20 µs sí i kún un, wọ́n sì yọ SharedArrayBuffer kúrò. WebKit gé ti Safari dé 1 ms. Chrome 64, tó jáde ní ọjọ́ 24 oṣù náà, sún un sí 100 µs pẹ̀lú ìgbọ̀n. Firefox kò dúró sí 20 µs. Nígbà tó yá, ó fìdí tirẹ̀ kalẹ̀ sí 1 ms. Aago kan náà, orúkọ kan náà, ìdáhùn rẹ̀ sì yàtọ̀ láti búráúsà dé búráúsà kí oṣù kan tó pé. Èmi kò bá wọn wí. Nígbà tí iná ń jó, a kì í kọ́kọ́ ṣèpàdé lórí ìwọ̀n garawa. Àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe lójú pàjáwìrì yẹn ló wà pẹ̀lú wa dòní.

Ibi tí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ti gba ọgbọ́n jù ni gígé aago náà gan-an. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ á ní kí wọ́n kàn ṣẹ́ àkókò wálẹ̀: bí aago bá jẹ́ 742 µs, kí wọ́n sọ pé 700, bí ó bá jẹ́ 799, 700 náà ni, tó bá di 800, kí wọ́n sọ 800. Ó dà bí ẹni pé ẹni tó ń béèrè kò lè mọ ohunkóhun tó kéré sí 100 µs. Irọ́ ni. Bèbè tí aago fi ń sún láti 700 sí 800 bọ́ sí àkókò tó dájú, ìdájú yẹn sì ni ohun tí jàǹdùkú ń wá. Á dúró títí aago fi sún, á ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ wọ̀n lójú ẹsẹ̀, á wá máa ka lúùpù òfìfo (kóòdù tó kàn ń yí po láìṣe nǹkan kan) títí aago á fi tún sún. Bí ó bá ti mọ iye lúùpù tó ń wọ inú 100 µs nígbà tí kò sí iṣẹ́ kankan, iye tó dín kù ni àkókò tí iṣẹ́ náà gbà. Ó ti fi aago tó kújú ṣe aago tó mú.

Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n da nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn náà ní ewu méjì. Bí nọ́ńbà tuntun bá ń jáde nígbàkúùgbà tí wọ́n bá béèrè, aago lè padà sẹ́yìn, ìlànà sì ti búra pé kò ní padà. Èkejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ẹni tó bá béèrè ní ẹgbẹ̀rún ìgbà ní ojú àkókò kan náà, tó ro àwọn ìdáhùn pọ̀ tó sì fi ẹgbẹ̀rún pín in, ìgbọ̀n á pa ara wọn rẹ́, òtítọ́ á sì yọjú.

Ohun tí Chromium ṣe, nínú kóòdù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TimeClamper, yanjú méjèèjì, mo sì gbóríyìn fún ẹni tó rò ó. Bèbè kò sí ní ibi kan náà mọ́. Nínú gbogbo àlàfo 100 µs, ibi kan wà tí aago ti máa fò, ibẹ̀ sì yàtọ̀ láti àlàfo dé àlàfo. Ẹ́ńjìnnì mú nọ́ńbà àṣírí kan tí ojú-ewé kò lè rí, ó pò ó pọ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àlàfo náà, ó sì fi hash, ìṣirò tó ń sọ nọ́ńbà kan di òmíràn tí ẹni tí kò mọ àṣírí kò lè sọ tẹ́lẹ̀, rí ibi tí fífò máa wà. Ká ní fún àlàfo 700 sí 800, ó bọ́ sí 763. Ẹni tó bá béèrè ní 742 á gbọ́ 700. Ẹni tó bá béèrè ní 770 á gbọ́ 800, bí 800 kò tilẹ̀ tíì tó. Ẹni tó bá béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní 742, 700 ni yóò gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, torí hash kan náà ló ń jáde láti inú àṣírí kan náà. Aago kì í padà sẹ́yìn, kò sì sí ohun tí a lè rí nínú bíbéèrè ní àbéèrètúnbéèrè. Firefox gba ọ̀nà tó jọ èyí. Kì í ṣe pé kò ṣeé já rárá: ẹni tó bá tún gbogbo ìkọlù náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọ̀pọ̀ àlàfo ṣì lè rí òtítọ́, ṣùgbọ́n á pẹ́ kó tó rí i.

Ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú, ibí yìí sì ni ẹni tó ń kọ ẹ́ńjìnnì tuntun ti lè ṣubú láìmọ̀. Ṣé kí a kọ́kọ́ yọ time origin kúrò ká tó gé e ni, àbí ká kọ́kọ́ gé e? Ká sọ pé ojú-ewé kan ní iframe méjì, ìyẹn ojú-ewé kékeré inú ojú-ewé, tí ìbẹ̀rẹ̀ wọn fi 37 µs yàtọ̀. Bí a bá kọ́kọ́ yọ ọ́, bèbè aago ọ̀kan á bọ́ sí 37 µs lẹ́yìn bèbè èkejì. Kóòdù tó bá ń wo aago méjèèjì pọ̀ ti ní aago kan tó mú ju ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ. Tó bá ní iframe mẹ́wàá, aago rẹ̀ á tún mú sí i. Nítorí náà, Chromium máa ń gé àkókò ìsinsìnyí, ó ń gé time origin náà, lẹ́yìn ìyẹn ló ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ní ti ìrù nọ́ńbà gígùn tó ń tẹ̀lé 0.0999, kò ní àṣírí kankan nínú: 0.1 kò ṣeé kọ pé pérépéré ní báínárì, ìyọkúrò ló sì ń gbé àṣẹ́kù rẹ̀ síta.

Iṣẹ́ náà kò parí sórí performance.now(). Aago pọ̀ nínú búráúsà. Event kọ̀ọ̀kan ní timeStamp. RequestAnimationFrame ń fi àkókò lé kóòdù lọ́wọ́ kí wọ́n tó yàwòrán. Paint Timing ń sọ ìgbà tí ohun àkọ́kọ́ hàn lójú ẹ̀rọ, Resource Timing ń sọ ìgbà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dé, document.timeline ní currentTime tirẹ̀, Date sì wà níbẹ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé. Bí a bá gé gbogbo wọn tí a gbàgbé ẹyọ kan, ẹyọ kan yẹn ni wọ́n máa lò. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ́ńjìnnì fi fi gígé náà sí ojú kan ṣoṣo tí gbogbo àkókò gbọ́dọ̀ gbà kọjá kó tó kan JavaScript. Lójú tèmi, ìpinnu yẹn ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà 20 tàbí 100 tí wọ́n ń jà lé lórí lọ. Resource Timing ní ìdènà mìíràn tó ti wà ṣáájú Spectre: bí àwòrán bá wá láti ojúlé ẹlòmíràn, àwọn ìgbésẹ̀ inú rẹ̀ á jáde ní òdo, àyàfi bí sáfà onítọ̀hún bá fi Timing-Allow-Origin yọ̀ǹda rẹ̀.

Ṣé gbogbo èyí wá dá Spectre dúró? Rárá, àwọn tó ṣe é ló sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe V8, ẹ́ńjìnnì JavaScript inú Chrome, gbé ìwé kan jáde tó sọ ojú abẹ níkòó: bí àṣírí àti kóòdù àjèjì bá ti jọ wà nínú process kan, kò sí ọgbọ́n sọ́fítíwíà tó lè dáàbò bò ó pátápátá, gígé aago kò sì tó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ààbò ní Google fi ọ̀rọ̀ náà hàn ní gbangba. Wọ́n kọ kóòdù kan tó ń jí 1 kB ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí Chrome 88 pẹ̀lú CPU Skylake ti Intel. Wọ́n tún ní òmíràn tí aago 1 ms, tàbí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó fún; ó ń jí báìtì 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìtì 60 dà bí ohun kékeré, àmọ́ kúkì tí ènìyàn fi wọlé sí àkáǹtì lè máà ju ìyẹn lọ.

Ìwòsàn tòótọ́ ni kí wọ́n má jẹ́ kí àṣírí àti àjèjì sùn sínú yàrá kan. Chrome 67, ní ọdún 2018, tan Site Isolation sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà: ojúlé kọ̀ọ̀kan ní process tirẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohun tí Spectre lè kà kò ju dátà ojúlé náà fúnra rẹ̀ lọ. Firefox ṣe irú rẹ̀ ní ìparí ọdún 2021. Owó rẹ̀ sì wà nínú mẹ́mórì: Google fúnra rẹ̀ sọ ní ọdún 2018 pé ó ń gba mẹ́mórì sí i tó nǹkan bí 10 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí kọ̀ǹpútà, èyí ṣeé fara dà. Lórí fóònù, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Chrome 77 gbé e wá sórí Android lọ́dún 2019, ojúlé tí ènìyàn ń fi páásíwọ́ọ̀dù wọ̀ nìkan ló bò, orí fóònù tí RAM rẹ̀ tó 2 GB nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí pé mo mọ irú fóònù tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé. Orí fóònù olówó pọ́ọ́kú yẹn náà ni wọ́n ti ń wọ ojú-ewé báńkì wọn. Fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, aago tí wọ́n gé kù kì í ṣe àfikún lásán. Ó wà lára ìwọ̀nba ohun tó dúró láàárín wọn àti olè. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ní kí wọ́n dá 5 µs padà fún gbogbo ènìyàn torí pé gígé aago kì í ṣe ìwòsàn. Ohun tó ń fa olè sẹ́yìn ṣì ní iṣẹ́ tó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ lè tì í mọ́ta.

Àdéhùn tí wọ́n padà ṣe ni pé aago tó mú á di ohun tí ojú-ewé ní láti tọrọ. Ojú-ewé á fi header méjì, ìyẹn ìlà àṣẹ tí sáfà ń kọ ṣáájú ojú-ewé, ránṣẹ́: Cross-Origin-Opener-Policy pẹ̀lú same-origin, àti Cross-Origin-Embedder-Policy pẹ̀lú require-corp. Ohun tó ń sọ fún búráúsà ni pé òun kò bá ojúlé mìíràn da nǹkan pọ̀ nínú process yìí, àti pé ohunkóhun tó bá wọlé láti ìta, ẹni tó ni ín ti yọ̀ǹda rẹ̀. Bí búráúsà bá gbà, self.crossOriginIsolated á di true, SharedArrayBuffer á padà, aago náà á sì mú sí i. Firefox 79 bẹ̀rẹ̀ èyí ní oṣù Keje ọdún 2020, níbi tí aago ti jẹ́ 20 µs fún ojú-ewé tó dá wà, tó sì jẹ́ 1 ms fún ìyókù. Chrome 91 ṣe é ní 5 µs àti 100 µs lọ́dún 2021, Chrome 92 sì ní kí SharedArrayBuffer lórí kọ̀ǹpútà náà tẹ̀lé òfin yìí. Ìlànà High Resolution Time ti kọ 5 àti 100 yìí sílẹ̀ báyìí gẹ́gẹ́ bí èyí tó mú jù tí a lè gbà. Búráúsà tó bá fẹ́ gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àyè.

Àwọn header wọ̀nyí kò rọrùn fún gbogbo ojúlé. Ojúlé ìròyìn tó ń jẹun lára ìpolówó kò lè sọ pé kí gbogbo ìpolówó kọ́kọ́ gba àṣẹ. Àwòrán àti fídíò tí sáfà wọn kò mọ nǹkan kan nípa header yìí á kàn kọ̀ láti wọlé. Chrome 96 fi credentialless kún un kí ó lè rọrùn díẹ̀: ohun tó wá láti ìta á wọlé láìgbé kúkì dání. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ojúlé ló ṣì wà lórí aago tó kújú.

Ẹni tó ń wọn iṣẹ́ kóòdù rẹ̀ wá ní láti yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Iṣẹ́ tó bá kéré sí 1 ms, kó má ṣe wọ̀n ọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kó ṣe é lẹ́gbẹ̀rún ìgbà láàárín ìpè méjì, kó wá pín in. Kó má fi nọ́ńbà Safari wé ti Chrome bí ẹni pé aago kan náà ló wọ̀n wọ́n. Performance.mark àti performance.measure kò ní aago mìíràn, ti performance.now() náà ni wọ́n ń lò. Event Timing tilẹ̀ ń ka duration rẹ̀ ní 8 ms 8 ms, nítorí náà ìyàtọ̀ 3 ms láàárín ẹ̀dà kóòdù méjì kò lè hàn nínú ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀. Bí ó bá sì ń kó nọ́ńbà jọ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo ojúlé rẹ̀, kó máa kọ iye self.crossOriginIsolated sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ àti ẹ̀dà búráúsà náà. Láìsí i, lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi header méjì yẹn kún sáfà, nọ́ńbà á yí padà, ẹgbẹ́ náà á sì máa wá inú kóòdù wọn fún ohun tí aago nìkan fà.